Karl Drais, ọkùnrin tí ó ṣe kẹ̀kẹ́ kí ìlú tó ní ọ̀nà fún un

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 12, oṣù kẹfà, ọdún 1817, ọkùnrin ẹni ọdún 32 kan gbé ohun ìrìnnà kan tí ẹnikẹ́ni kò rí irú rẹ̀ rí jáde ní ilé rẹ̀ ní ìlú Mannheim, ní ilẹ̀ Jámánì. Igi ni wọ́n fi ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ méjì ni ó ní, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, wọ́n sì tò tẹ̀lé ara wọn ní ìlà kan ṣoṣo, bí ẹni pé ẹni tí ó ṣe é gbàgbé méjì yòókù sílé. Ọkùnrin náà gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ bí ẹni fẹ́ gun ẹṣin, ó di ohun tí ó ń darí ẹsẹ̀ iwájú mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ti ilẹ̀, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, títí eré rẹ̀ fi ju ti ẹni tí ń fẹsẹ̀ sáré lọ. Ó gba ọ̀nà Schwetzingen. Nígbà tí ó dé ilé kan tí àwọn awakọ̀ ẹlẹ́ṣin ti máa ń pààrọ̀ ẹṣin tí ó bá ti rẹ̀, ó yí padà, ó sì forí lé ilé. Àlọ àti àbọ̀ náà tó nǹkan bí kìlómítà 14. Wákàtí kan kò pé tí ó fi ṣe é.

Karl Drais ni orúkọ ọkùnrin náà. Gbogbo kẹ̀kẹ́ ológeere tí ó wà láyé lónìí, láti orí èyí tí àgbẹ̀ ń gùn lọ sóko títí dé èyí tí àwọn eléré ìdárayá ń fi sáré ní ilẹ̀ Faransé, ìdí ohun tí ó gùn lọ́jọ́ náà ni wọ́n ti ṣẹ̀. Síbẹ̀, kí ọdún náà tó parí, ìlú Mannheim ti ṣe òfin tí ó lé e kúrò ní ibi kan ṣoṣo tí ènìyàn ti lè gun ohun náà dáadáa nínú ìgboro.

Ọjọ́ 29, oṣù kẹrin, ọdún 1785 ni wọ́n bí Drais ní Karlsruhe, olú ìlú ilẹ̀ Baden, ní àkókò tí Jámánì kò tíì di orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo, tí olórí kọ̀ọ̀kan ń ṣe ìjọba lórí ilẹ̀ tirẹ̀. Karlsruhe kì í ṣe ìlú tí ó kàn hù bí olú. Ọdún 1715 ni wọ́n dá a sílẹ̀, orí ìwé ni wọ́n sì ti yà á kí wọ́n tó kọ́ ọ, àwọn òpópónà rẹ̀ sì tàn ká láti ẹnu ààfin bí abẹ̀bẹ̀. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ náà ni Mannheim, níbi tí Drais ti lo púpọ̀ nínú ọjọ́ ayé rẹ̀. Onígun mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n gé àárín rẹ̀ sí, lẹ́tà àti nọ́ḿbà ni wọ́n sì fi ń mọ ibi tí ilé wà dípò orúkọ òpópónà. Ẹni tí ó bá wo àwòrán ìlú méjèèjì lórí ìwé yóò rò pé kò sí ohun tí àwọn tí ó yà wọ́n kò rò tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́sẹ̀, ẹlẹ́ṣin àti ọkọ̀ tí ẹṣin ń fà nìkan ni ó wà láyé nígbà tí wọ́n ń yà wọ́n.

Ọmọ ọlọ́lá ni Drais. Oyè ìdílé wà lórí rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ adájọ́ tí ó padà dé ipò tí kò sí adájọ́ mìíràn lókè rẹ̀ ní gbogbo Baden. Wọ́n kọ́ ọ ní iṣẹ́ ìtọ́jú igbó ìjọba, iṣẹ́ tí ó yẹ ọmọ irú ilé bẹ́ẹ̀, ó sì tún lọ sí Yunifásítì Heidelberg láti ọdún 1803 sí 1805, níbi tí ó ti kọ́ ìmọ̀ ìṣirò, iṣẹ́ ilé kíkọ́ àti ìmọ̀ nípa agbára àti ìṣesí ohun gbogbo. Ó di ọ̀gá nínú iṣẹ́ igbó, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí nínú igbó. Nígbà tí yóò fi di nǹkan bí ọdún 1811, wọ́n ti fún un láàyè kí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ láìgé owó oṣù rẹ̀, kí ó lè gbájú mọ́ àwọn ohun tí ó ń rò. Mannheim ni ó lọ. Ó ṣe ẹ̀rọ kan tí ó ń kọ orin sórí ìwé bí ènìyàn bá ti ń tẹ dùùrù. Ní ọdún 1813, ó ṣe ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan tí àwọn tí ó jókòó sínú rẹ̀ ń fi agbára ara wọn mú rìn láìsí ẹṣin. Àwọn tí ìjọba ní kí wọ́n yẹ ọkọ̀ náà wò kò fọwọ́ sí i.

Ohun tí ó tún mú un padà sídìí ọ̀rọ̀ ìrìnnà láìsí ẹṣin jẹ́ ohun tí àwọn òpìtàn ṣì ń jiyàn lé lórí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1815, òkè oníná kan tí ń jẹ́ Tambora bú gbàù ní erékùṣù Sumbawa, ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń pè ní Indonéṣíà lónìí. Eérú àti èéfín rẹ̀ gun ojú ọ̀run lọ débi pé nígbà tí ó di ọdún 1816, ìgbà ooru kò dé ọ̀pọ̀ ibi ní Yúróòpù. Òjò kò dá, òtútù kò lọ, ohun ọ̀gbìn jẹrà lóko. Ọkà tí ẹṣin ń jẹ gbówó lórí, ọ̀pọ̀ ẹṣin kú, àwọn mìíràn sì ni ebi mú kí wọ́n pa jẹ. Hans-Erhard Lessing, òpìtàn ará Jámánì tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ọ̀rọ̀ Drais, ni ó sọ pé ọ̀wọ́n ẹṣin yìí ni ó mú kí ọkùnrin náà wá ohun ìrìnnà tí kì í jẹ ọkà. Àwọn kan gbà bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn kò gbà. Èyí tí kò ní àríyànjiyàn nínú ni pé ẹni tí ó bá ní ẹṣin ní ayé ìgbà náà ni ó lè lọ ibi tí ó bá wù ú ní àkókò tí ó bá wù ú. Ẹni tí kò bá ní, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ọkọ̀ rẹ̀.

Ohun tí Drais gbé jáde ní ọdún 1817 kò ní ṣéènì, kò ní ohun tí ẹsẹ̀ ń wà, kò sì ní rọ́bà kankan. Ìwúwo rẹ̀ kò ju nǹkan bí kìlógíráàmù 22 lọ. Ó ní gàárì tí ènìyàn ń jókòó lé, ó ní ibi tí apá ń sinmi lé níwájú, ó ní ọwọ́ tí ó ń darí ẹsẹ̀ iwájú, ó sì ní bíréèkì tí ó ń mú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró. Ẹ̀rọ ìsáré ni Drais pè é, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn mú orúkọ òun fúnra rẹ̀, wọ́n sì sọ ẹ̀rọ náà ní draisine. Ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀ kò sí lára igi tàbí irin tí ó fi ṣe é. Kí Drais tó dé, kò sí ẹni tí ó gbà pé ohun ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí ó tò ní ìlà kan lè gbé ènìyàn láìṣubú. Ó ti wo bí àwọn tí ń wọ bàtà onírin ṣe ń sáré lórí omi dídì, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì, tí wọn kì í sì í ṣubú. Ó rí i pé bí ohun náà bá fẹ́ dà sí ọ̀tún, tí ènìyàn yí ọwọ́ rẹ̀ sí ọ̀tún díẹ̀, yóò tún dìde dúró fúnra rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣáà ti ń lọ. Ohun tí ọmọ ọdún márùn-ún ń kọ́ ní ọ̀sán kan lónìí ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kọ́ Drais.

Ọ̀nà tí ó yàn fún ìrìn àkọ́kọ́ náà tó ohun tí ènìyàn ń ronú sí. Ọ̀nà Mannheim sí Schwetzingen wà lára àwọn ọ̀nà tí ó dára jù ní Baden, nítorí pé ààfin ìgbà ooru àwọn olórí ilẹ̀ náà wà ní Schwetzingen, ọ̀nà tí ọkọ̀ ọlọ́lá ń gbà kò sì ṣeé fi sílẹ̀ kí ó bàjẹ́. Drais mọ ohun tí ó ń ṣe. Ká ní ọ̀nà ìgbèríko mìíràn ni ó gbà lọ́jọ́ náà, bóyá ni ìbá dé ibi tí ó ń lọ. Lóòótọ́, ní ìgbà ooru ọdún kan náà, ó gun ẹ̀rọ rẹ̀ gba orí òkè láti Gernsbach lọ sí Baden-Baden, kí ayé lè mọ̀ pé kì í ṣe ilẹ̀ títẹ́jú nìkan ni ó wà fún. Ṣùgbọ́n irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin kan fi ń fi ohun tí ó ṣe han ayé. Kì í ṣe ohun tí oníṣòwò tàbí akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa ṣe ní àràárọ̀.

Bí ọ̀nà ṣe rí ní àkókò náà ni pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin, tí wọ́n fi irin dè yíká, ti gbẹ́ kòtò gígùn gígùn sí ojú títì. Bí òjò bá rọ̀, kòtò wọ̀nyí á di ẹrẹ̀. Bí oòrùn bá sì ràn, ẹrẹ̀ náà á gan bí òkúta. Ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin lè ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú kòtò náà kí ó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí ó gùn ún gbọ́dọ̀ máa yí ọwọ́ rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún kí ó má baà ṣubú, kòtò kò sì ní jẹ́ kí ó yí i. Nínú ìgboro ńkọ́? Òkúta ni wọ́n tẹ́ sójú títì níbẹ̀, èyí tí ń gbọn ènìyàn jìgìjìgì débi pé eyín á máa lu eyín. Ibì kan ṣoṣo ni ó tẹ́jú, tí ó gbẹ, tí ó sì mọ́: ẹ̀gbẹ́ títì tí wọ́n ṣe fún àwọn ẹlẹ́sẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹni tí ó ní draisine gbà.

Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ kò gbà fún wọn. Ní oṣù kejìlá ọdún 1817, oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìrìn Schwetzingen, àwọn aláṣẹ Mannheim fòfin dè é pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gun ẹ̀rọ náà ní ẹ̀gbẹ́ títì mọ́.

Yóò rọrùn láti sọ pé àwọn aláṣẹ náà jẹ́ ọ̀tá ìlọsíwájú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá arúgbó tí ó ń lọ sọ́jà, tí géńdé kan wá já lù lójijì pẹ̀lú igi àti irin, ó ní ẹ̀tọ́ láti fẹjọ́ sùn. Ẹ̀gbẹ́ títì náà kò fẹ̀, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ kò sì ní ibòmíràn tí wọ́n lè sá sí, nítorí àárín títì ti di ti ẹṣin. Òfin náà tọ́ ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ibi tí ó kù sí ni pé ó sọ ibi tí ohun tuntun náà kò gbọ́dọ̀ gbà, kò sì sọ ibi tí yóò gbà. Àárín títì tí ó kù fún un ni ibi tí kò lè rìn. Nípa bẹ́ẹ̀, òfin tí kò fi ẹnu dárúkọ pé kí ẹ̀rọ náà kú ni ó pa á.

Kò sì pa á lójú ẹsẹ̀. Ní ọjọ́ 12, oṣù kìíní, ọdún 1818, olórí Baden fún Drais ní ìwé àṣẹ pé fún ọdún mẹ́wàá, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀rọ náà ní ilẹ̀ Baden láìgba ìyọ̀ǹda rẹ̀. Wọ́n tún fi oyè ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ dá a lọ́lá, wọ́n sì sọ owó oṣù rẹ̀ di owó ìfẹ̀yìntì tí yóò máa gbà títí ayé. Ní oṣù kejì ọdún kan náà, wọ́n gba ìwé àṣẹ ti ilẹ̀ Faransé lórúkọ rẹ̀. Ní oṣù kẹrin, wọ́n fi ẹ̀rọ náà han àwọn ará Paris nínú ọgbà Luxembourg. Ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó gùn ún. Èrò pọ̀ lọ wò ó, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni púpọ̀ nínú wọn rín lọ sílé.

Ní London, ẹnìkan tí ń ṣe ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin, Denis Johnson, gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 1818, ó tún ohun náà ṣe kí ó lè fúyẹ́ kí ó sì rẹwà, ó sì ṣe ju 300 lọ. Kò sí ohun kankan nínú rẹ̀ tí ó kan Drais lápò, nítorí àṣẹ olórí Baden kò ju ẹnu ibodè Baden lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1819, àwọn ọmọ ọlọ́rọ̀ London kò ní ohun mìíràn lẹ́nu ju ẹṣin onígi náà lọ. Àwọn ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ibi tí Mannheim gbà ni London náà gbà: ojú títì kò ṣeé gùn, wọ́n bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì, òfin sì lé wọn kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú owó ìtanràn. Milan ti ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 1818. New York àti Philadelphia ṣe tiwọn ní ọdún 1819, Calcutta ní ilẹ̀ Íńdíà sì ṣe é ní ọdún 1820. Láàárín ọdún mẹ́ta, ìlú ńláńlá lórí ilẹ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti dé ibi ìpinnu kan náà, kò sì sí èyí tí ó la ọ̀nà fún ohun náà nínú wọn. Ẹni tí ó ra draisine kò ní ibi tí yóò gùn ún lọ àfi inú ọgbà. Ohun tí ènìyàn ń gùn yí ọgbà po kì í ṣe ohun ìrìnnà mọ́. Ohun ìṣeré ni, ohun ìṣeré ọlọ́rọ̀ kì í sì í pẹ́ kí ó tó sú wọn.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà dé yìí ni ọ̀rọ̀ ìlú tún wá kan ìdílé Drais. Ní oṣù kẹta ọdún 1819, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ń jẹ́ Karl Sand gún òǹkọ̀wé August von Kotzebue lọ́bẹ pa ní Mannheim, nítorí pé ó kà á sí ọ̀tá òmìnira ilẹ̀ Jámánì. Wọ́n bẹ́ Sand lórí ní oṣù karùn-ún ọdún 1820. Bàbá Drais ni adájọ́ àgbà ilẹ̀ náà, kò sì bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n ṣàánú ọmọkùnrin náà. Lójú ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ajẹ́rìíkú ni Sand. Nígbà tí ọwọ́ wọn kò sì tó bàbá, ọmọ ni wọ́n dojú kọ. Ibikíbi tí Drais bá yọjú sí ni wọ́n ti ń hó lé e lórí. Ìlú kò gba ẹ̀rọ rẹ̀, ìlú kò tún wá gba òun fúnra rẹ̀ mọ́.

Ní ọdún 1822, ó bá onímọ̀ kan, Georg von Langsdorff, lọ sí Brazil, ó sì ṣe iṣẹ́ awọnlẹ̀ níbẹ̀ títí di ọdún 1827. Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn gan-an ni ogun ilẹ̀ Yorùbá ń fi ọmọ káàárọ̀-o-ò-jíire ránṣẹ́ sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí Bahia, lápá òkè orílẹ̀-èdè kan náà. Wọ́n kò lọ síbẹ̀ nínú ìfẹ́ inú wọn bíi ti Drais, púpọ̀ nínú wọn kò sì rí ọdún kankan tí wọ́n lè kà sí ọdún ìpadàbọ̀.

Drais padà sí Mannheim, kò sì jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀. Kí ó tó lọ ni ó ti ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tí ó ní bọ́tìnnì 25. Nígbà tí ó dé, ó ṣe òmíràn tí ó ní 16, èyí tí ó lè tẹ ọ̀rọ̀ ní kíákíá bí ènìyàn bá ti ń sọ ọ́ lẹ́nu. Ó ṣe ẹ̀rọ tí ń lọ ẹran. Ó ṣe ààrò tí kì í jẹ igi púpọ̀. Ọkọ̀ kékeré tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ń fi agbára wọn tì lórí irin ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní ní ọ̀pọ̀ èdè Yúróòpù. Kò sí èyí tí ó sọ ọ́ di olówó nínú wọn. Bàbá rẹ̀ kú ní ọdún 1830, ààbò tí ó kù fún un sì lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ní ọdún 1838, wọ́n gbìyànjú láti pa á. Orí kó o yọ, ṣùgbọ́n ó kó kúrò nígboro lọ sí abúlé kan tí ń jẹ́ Waldkatzenbach nínú àwọn òkè Odenwald, ibẹ̀ ni ó sì wà títí di ọdún 1845. Kò ní ìyàwó, kò ní ọmọ. Ẹni tí ó ṣe ohun tí ìlú nílò jù lọ wá ń gbé níbi tí kò ti sí òpópónà kankan.

Ìjì tí ó jà ní Yúróòpù ní ọdún 1848 bá a níbi tí ó ti padà sí ìgboro. Ní Baden, àwọn ènìyàn dìde pé àwọn kò fẹ́ ìṣàkóso olórí ajogún mọ́. Nígbà tí olórí Baden sá kúrò nílùú ní oṣù karùn-ún ọdún 1849, Drais, ẹni ọdún 64, ṣe ohun tí àwọn ọlọ́lá ẹgbẹ́ rẹ̀ kò lè fojú inú wò. Ó kéde nínú ìwé ìròyìn Karlsruhe pé òun ti bọ́ oyè ìdílé òun sílẹ̀, pé kí wọ́n máa pe òun ní ọmọ ìlú Karl Drais, láìsí àfikún kankan. Bóyá inú ìdọ̀gba tí ó kéde yìí ni kẹ̀kẹ́ rẹ̀ náà ti jáde, nítorí ohun tí ó ṣe ní ọdún 1817 ni láti fún ẹni tí kò ní ẹṣin ní eré ẹṣin.

Òmìnira náà kò pé oṣù mẹ́ta. Àwọn ọmọ ogun Prussia wọ ilẹ̀ Baden, Rastatt tí ó jẹ́ odi ìkẹyìn ṣubú ní oṣù keje ọdún 1849, olórí ilẹ̀ náà sì padà sórí ìtẹ́. Àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ fẹ́ kí wọ́n kéde Drais ní wèrè, kí wọ́n tì í mọ́lé. Èyí kò bọ́ sí i, ṣùgbọ́n wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, wọ́n ní wọn yóò fi dí owó tí ọ̀tẹ̀ náà ná ìjọba. Owó náà ni ó ń jẹ. Ọjọ́ 10, oṣù kejìlá, ọdún 1851 ni ó kú ní Karlsruhe, láìní kọ́bọ̀. Òkìkí pé orí rẹ̀ kò pé, pé ọ̀mùtí ni, ni àwọn ọ̀tá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ìwé ìtàn sì fi ń tún irọ́ náà kọ kí àwọn òǹwádìí tó tú u palẹ̀. Òpópónà méjì péré sí ilé tí ó kú sí, ọmọkùnrin ẹni ọdún méje kan ń dàgbà. Carl Benz ni orúkọ ọmọ náà. Ní ọdún 1886, ní Mannheim kan náà, òun ni yóò gba ìwé àṣẹ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ń lo ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ náà ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, wáyà bíi ti kẹ̀kẹ́ ni wọ́n sì fi ṣe inú àwọn ẹsẹ̀ náà.

Ohun tí ó jí kẹ̀kẹ́ padà kì í ṣe kẹ̀kẹ́ nìkan. Nígbà ayé Drais gan-an, John McAdam, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n kì mọ́lẹ̀ dáadáa ṣe ọ̀nà. Láti nǹkan bí ọdún 1850 síwájú, irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ dé ọ̀pọ̀ òpópónà ńlá ní Paris. Ní Paris yìí kan náà, nínú àwọn ọdún 1860, ni wọ́n ti fi ohun tí ẹsẹ̀ ń wà sí ara ẹsẹ̀ iwájú ẹ̀rọ Drais, tí ó sì gba ìgboro kan lójijì. Fún nǹkan bí ogójì ọdún, kò sí ẹni tí ó rí àtúnṣe náà rò, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí títì tí ìbá ti wúlò. Lẹ́yìn èyí ni ṣéènì dé, tí rọ́bà onífẹ́ẹ́fẹ́ tí John Dunlop ṣe sì dé ní ọdún 1888. Àwọn ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ di ọ̀kẹ́ àìmọye. Wọ́n wá rántí ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1891, àwọn ẹgbẹ́ ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ ilẹ̀ Jámánì hú egungun Drais kúrò ní itẹ́ òkú àtijọ́ ní Karlsruhe, wọ́n sì tún un sin pẹ̀lú ọlá ní itẹ́ òkú ńlá ìlú náà. Ní ọdún 1893, wọ́n gbé ère ìrántí kalẹ̀ fún un.

Ọ̀rọ̀ ibi tí ohun ẹlẹ́sẹ̀ méjì yóò gbà nínú ìlú kò sì tíì tán. Nígbà tí Mannheim ṣe àjọ̀dún igba ọdún ìrìn Drais ní ọdún 2017, sikútà oníná tí ènìyàn ń dúró lé ti fẹ́ ya wọ Yúróòpù. Bí àwọn draisine ṣe ṣe ni wọ́n ṣe: wọ́n sá fún ọkọ̀ lójú títì, wọ́n sì bọ́ sí àárín àwọn ẹlẹ́sẹ̀. Paris, tí ó rín ọmọ ọ̀dọ̀ Drais rín nínú ọgbà, dìbò lórí ọ̀rọ̀ wọn ní oṣù kẹrin ọdún 2023. Ìdá 89 nínú 100 àwọn tí ó dìbò ní kí èyí tí wọ́n fi ń háyà máa lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ó jáde kò tó ìdá 8 nínú 100 àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ìdìbò. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni wọ́n ti kó wọn kúrò nílẹ̀.

Jámánì gba ọ̀nà mìíràn. Òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 15, oṣù kẹfà, ọdún 2019 ní kí sikútà wọ̀nyí má gba ẹ̀gbẹ́ títì, gẹ́gẹ́ bí Mannheim ti wí ní ọdún 1817. Ṣùgbọ́n ó fi ohun kan kún un tí kò sí nínú òfin àtijọ́: kí wọ́n gba ọ̀nà kẹ̀kẹ́, níbi tí kò bá sì sí, kí wọ́n gba ojú títì. Kẹ̀kẹ́ àgbàlagbà pàápàá kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì ẹlẹ́sẹ̀ nílẹ̀ náà. Àwọn tí òfin gbà láàyè níbẹ̀ ni àwọn ọmọdé. Lára wọn ni àwọn tí kò tíì ju ọmọ ọdún méjì tàbí mẹ́ta lọ, tí àwọn òbí wọn ra kẹ̀kẹ́ kékeré fún, igi ni òmíràn nínú rẹ̀, kò ní ṣéènì, kò sì ní ohun tí ẹsẹ̀ ń wà. Wọ́n á jókòó lé e, wọ́n á di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n á sì máa fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, lọ ní ẹ̀gbẹ́ títì Mannheim.